Fáńtéènì ọgbà wa n'Ífẹ̀: pọ́ńpù kọ́ ló pa á

Ọgbà ìgbafẹ́ kékeré kan wà n'Ífẹ̀ níbí, téèyàn bá ti Sábó ń bọ̀ tó fẹ́ já sí ìgboro. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí àwọn kan lára àwọn tó bà á jẹ́ ṣì wà láyé, a sì jọ ń kíra lójú ọ̀nà. Àárín ọgbà yẹn ni fáńtéènì wà, ibi tí omi ti ń tú sókè tó tún ń padà bọ́ sínú agbada kọnkéré roboto kan. Ó ń tú sókè tẹ́lẹ̀ ni kí n sọ, torí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1991, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí kí omi jáde níbẹ̀ rí kí a tó tún un ṣe, wọ́n rò pé ibi tí wọ́n ń dalẹ̀ sí ni wọ́n kọ́ ọ fún. Iṣẹ́ plọ́ḿbà ni mo ń ṣe, pọ́ńpù àti páìpù ni mo fi ń jẹun, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àdúgbò fi pè mí sọ́rọ̀ náà. Mo fẹ́ kọ gbogbo bó ṣe lọ sílẹ̀ torí àwọn tó ní irú ẹ̀ nílùú wọn ti ń bi mí, àti torí pé ohun tí gbogbo èèyàn gbà pé ó pa fáńtéènì yẹn kọ́ ló pa á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe rí. Agbada yẹn fẹ̀ tó mítà márùn-ún láti etí kan dé èkejì, kò jìn, tó bá kún omi ẹ̀ ò ju orúnkún àgbà lọ. Tẹrásò ni wọ́n fi bo etí ẹ̀ àti òpó tó wà láàárín, tẹrásò gidi tayé ọjọ́un, òkúta mábù wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ lọ̀ títí tó fi ń dán. Orí òpó yẹn ni nọ́sù oníbàbà wà, ìyẹn ẹnu tí omi ń gbà tú jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kó jẹ́ ti Ifẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ tó yí i ká. Ẹni tó kọ́ ọ to àpáàdì yí agbada po, ó dá wọn dúró lórí etí wọn, ìlà kan dà sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀lé e dà sósì, bí eegun ẹja, ó wá ń fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ pààlà sí i. Ọmọ Ifẹ̀ tó bá rí i á ti mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Irú ilẹ̀ alápàáàdì bẹ́ẹ̀ làwọn awalẹ̀pìtàn ń hú jáde káàkiri ìlú yìí, èyí tí wọ́n ní wọ́n tò láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, ìtàn ìlú sì sọ pé Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọ̀ọ̀ni, ló ní kí wọ́n máa tẹ́ ẹ torí kò fẹ́ rí ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà. Èmi ò mọ ẹni tó ya àwòrán fáńtéènì yìí, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó wà.

Bàbá kan wà tó ṣiṣẹ́ ọgbà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn pé ju tèmi lọ. Mo lọ kí wọn nílé kí n tó fọwọ́ kan nǹkankan, torí mi ò kì í ṣí páìpù àtijọ́ láìbi ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rì í. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa ń tan pọ́ńpù ẹ̀ nígbà yẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Pọ́ńpù bí i ti báwo? Kò sí pọ́ńpù níbẹ̀ nígbà tiwa, ọmọ mi. Omi ẹ̀rọ ìlú ni. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ láàárọ̀, ó ń tú nìyẹn, títí n ó fi ti ọgbà."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ. Wọ́n tún un sọ, wọ́n tiẹ̀ fi kún un pé àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn nígbà tí owó Udoji wọlé, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1975, pé àwọn fi ra rédíò. Ìyẹn ni pé wọ́n ti kọ́ fáńtéènì yẹn kí wọ́n tó pín Western State sí mẹ́ta lọ́dún 1976, nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọlé tí gbogbo ìlú ń wá nǹkan ẹ̀yẹ tí wọn á gbé síta.

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ló tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀yìn náà kí àwọn tó kù tó gbà. Ẹ wò ó, omi tó bá ti òkè wá máa ń fẹ́ gòkè padà dé ibi tó ti wá, tẹ́ẹ bá ti fún un lójú ihò. Tánkì ìlú wà lórí òkè, ọgbà wà nísàlẹ̀, kò sí ohun tẹ́ẹ fẹ́ fi iná mọ̀nàmọ́ná ṣe. Báwọn ará Róòmù náà ṣe ṣe é nìyẹn. Fáńtéènì Trevi táwọn èèyàn ń lọ yà fọ́tò níwájú ẹ̀, ọdún 1762 ni wọ́n parí ẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 19 ṣáájú ìbí Jésù ni Agrippa ti la ọ̀nà omi tó ń wá síbẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ló ń sún un wọ̀lú. Ọba Louis kẹrìnlá ti Faransé ni ojú ilẹ̀ ò ṣe lóore, ààfin ẹ̀ ní Versailles ga ju odò lọ, ló bá ní kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ ńlá tó ní àgbá kẹ̀kẹ́ mẹ́rìnlá sórí odò Seine láti gbé omi gòkè, ọdún 1684 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, síbẹ̀ omi ò tó gbogbo fáńtéènì tó kó síbẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Àwọn òṣìṣẹ́ ń súfèé síra wọn: ọba ti ń bọ̀ o, ẹ ṣí tiwájú, ẹ ti tẹ̀yìn! Nígbà tí mo sọ èyí ní mítìn, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé alága ní ká ṣe jẹ́ẹ́, ẹnì kan wá ní kò yà òun lẹ́nu, ṣebí tí gómìnà bá ń bọ̀ làwa náà máa ń rí iná títì.

Omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá, ó wá dá pátá. Fáńtéènì wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ẹnì kan tó ń wá ìbò tó gbé pọ́ńpù wá, ó ṣe yàrá kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó so páìpù mọ́ ọn kí pọ́ńpù máa fa omi inú agbada kan náà padà sókè. Omi tú, wọ́n lùlù, wọ́n ya fọ́tò. Kò pẹ́ pọ́ńpù jóná. Wọ́n ra òmíì, òun náà jóná. Ẹnì kan ní pọ́ńpù àyédèrú ni, ẹlòmíì ní iná NEPA tó ń lọ sókè sódò ló ṣe é, àwọn kan sì ní ọwọ́ ayé ni. Ó ku kí wọ́n tún ra ẹ̀kẹta ni ìjà ìlú bẹ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997, ta ló fẹ́ jókòó sí ọgbà? Nígbà tí ilẹ̀ fi rọ̀, àwọn olè ti gé wáyà, wọ́n ti yọ nọ́sù, wọ́n sì ti fi òòlù gba etí tẹrásò láwọn ibì kan bóyá irin wà nínú ẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò wá pinnu pé àwọn fẹ́ tún un ṣe, èdè àìyedè méjì ló ṣẹlẹ̀ lójú mi. Àkọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ àwọn màmá ọlọ́jà wá, mo sì gbà pé wọ́n jàre. Màmá kan dìde, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí à ń ru kẹ́ẹ̀gì kiri, ẹ wá fẹ́ máa fi omi ṣeré lójú wa?" Ilé dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ ṣàlàyé pé omi kan náà ló ń yí po, kì í ṣòfò, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè Màmá. Ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí ni pé bohóòlù tí a máa gbẹ́, ẹ̀rọ omi mẹ́rin lára ògiri ọgbà ló máa kọ́kọ́ dé, fáńtéènì á gba tiẹ̀ lẹ́yìn náà. Látọjọ́ yẹn àwọn màmá ló ń sáré dáwó jù. Bẹ́ẹ̀, tẹ́ẹ bá wò ó, bí fáńtéènì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ káàkiri ayé nìyẹn, omi mímu ló máa ń ṣáájú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Bethesda nínú Central Park ní New York, tí áńgẹ́lì onídẹ wà lórí ẹ̀, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Emma Stebbins ya, wọ́n ṣí i lọ́dún 1873 láti fi yọ̀ pé ìlú ti rí omi tó mọ́ mu láti odò Croton, èyí tó dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún 1842. Òun náà gbẹ o! Ó gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di ibi ìdọ̀tí, kí wọ́n tó tún un ṣe níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Tiwa l'Ékòó náà, fáńtéènì Ìta Tinúbú táwọn ará Lẹ́bánónì fi ta ìlú lọ́rẹ nígbà òmìnira ọdún 1960, ó ti kú tó ti jí. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ifẹ̀ nìkan ni fáńtéènì ti ń gbẹ.

Èdè àìyedè kejì ni ti kọ́ńtírátọ̀. Ó fẹ́ fọ́ gbogbo ẹ̀, kó da kọnkéré tuntun, kó lẹ táìsì aláwọ̀ búlúù síbẹ̀, kó kó àpáàdì dànù kó fi ìntálọ́ọ̀kì rọ́pò ẹ̀. Ó gbé àwòrán wá lórí fóònù, ó rẹwà bí àwòrán òtẹ́ẹ̀lì, ká sòótọ́. Mo bi í pé kí ló pa pọ́ńpù méjèèjì àkọ́kọ́, ó ní òun ò mọ̀ ṣùgbọ́n òun máa ra èyí tó lágbára jù wọ́n lọ. Ibẹ̀ ni mo ti ní ká dáwọ́ dúró ná. Tí aláìsàn bá kú lábẹ́ oògùn méjì tẹ́ẹ ò mọ àìsàn tó ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀kẹta tó le jù kọ́ ló kàn.

Àyẹ̀wò tí mo ṣe ò náni lówó. A kó ìdọ̀tí inú agbada, a fọ̀ ọ́, a fi táńkà omi kún un. Mo wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sórí búlọ́ọ̀kù nínú omi yẹn, mo pọnmi sínú ẹ̀ títí tí omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti omi ìta fi dọ́gba, mo fi máákà fa ìlà sí méjèèjì, a sì lọ sùn. Ìdí tí bọ́kẹ́ẹ̀tì fi wà níbẹ̀ ni pé oòrùn àti atẹ́gùn ló máa fa omi méjèèjì bákan náà, tí ti agbada bá wá lọ sílẹ̀ ju ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó ń jò nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú ìlà. Ti agbada ti lọ sílẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

Ẹ lè wò ó pé kí ni ìbú àtẹ́lẹwọ́? Nínú agbada tó fẹ̀ tó mítà márùn-ún, sẹ̀ǹtímítà kan péré omi ti tó nǹkan bí 200 lítà, ìyẹn dúróòmù kan. Nítorí náà dúróòmù bíi méje ni ilẹ̀ gbé mì mọ́jú. Mo pe alága pé kí wọ́n wá wò ó fúnra wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ìlà máákà, wọ́n ní, "Ṣé ibi tí owó wa ń gbà lọ nìyí?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bàbá ti wá bọ́ sójú ẹ̀. Agbada yẹn ti lè máa jò látìgbà tí wọ́n ti ń lò ó pẹ̀lú omi ẹ̀rọ ìlú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀, torí omi ń wọlé ní gbogbo ìgbà, ohun tó bá jò, òmíì ti rọ́pò ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé pọ́ńpù wá tí wọ́n ní kó máa yí omi kan náà po ni jíjò di ìṣòro. Wọ́n á kún un láàárọ̀, wọ́n á tan pọ́ńpù, wọ́n á bá tiwọn lọ. Omi ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí ẹnu páìpù tó ń fà á fi yọ síta, pọ́ńpù wá ń fa afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ omi tó ń fà yẹn gan-an ló ń mú un tutù. Tí kò bá sí omi, síìlì tó wà lára ọ̀pá ẹ̀, tó ń dí omi lọ́nà, á gbóná á yọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá tún da omi sí i, omi á gba ibẹ̀ wọ inú mọ́tò, wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀ á jóná. Oníṣẹ́ rewáyà tó tú èyí àkọ́kọ́ nígbà yẹn á ti rí i, ṣùgbọ́n ta ló bi í? Pọ́ńpù ò ṣẹ̀, NEPA ò ṣẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí nìkan o.

Ó wá ku ká rí ibi tó ń jò. Mo ra búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, mo pò ó pọ̀ kó ki, mo fà á sínú sìríǹjì, a ṣe omi jẹ́ẹ́ kò mì rárá, mo wá ń kán an díẹ̀díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ibi tó lanu. Níbi tó pọ̀ jù, búlúù yẹn á kàn rọra fẹ̀ sínú omi bí ó ti wù ú. Nígbà tí mo dé ìdí òpó àárín, níbi tí páìpù onírin ti gba inú ilẹ̀ kọnkéré yọ, búlúù ò fẹ̀ mọ́, ó tò tín-ín-rín, ó forí lé ìdí páìpù, ó wọlé lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi pariwo. Mo tún kán an, ó tún wọlé. Ibì kejì ni ìsàlẹ̀ ògiri agbada níhà ibi tí igi ọ̀dán wà, ìlà wíwẹ́ kan tó gùn tó apá.

Ti páìpù yé mi. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, ó máa ń gba àyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kọnkéré bá sì ká a mọ́ yíká, kọnkéré ló máa là. Ti ọ̀dán ló gba sùúrù. A walẹ̀ lẹ́yìn ògiri, a bá gbòǹgbò ẹ̀ tó nípọn bí ọwọ́ mi, ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri, ó rí ibi tí omi ń gbà jáde ó ń mu tiẹ̀. Kọ́ńtírátọ̀ ní ká gé igi. Àwọn àgbà kọ̀ jálẹ̀, pé abẹ́ ọ̀dán yẹn ni wọ́n ti ń ṣèpàdé kí wọ́n tó bí kọ́ńtírátọ̀, èmi náà ò sì rí ìdí tí a fi máa gé igi tó ń fún wa ní ibòji nítorí ihò tí a lè dí. A gé gbòǹgbò kan yẹn nìkan, níbi tó jìnnà sí ìdí igi, a wá gbẹ́ kòtò tóóró láàárín igi àti ògiri, a ri ike pẹlẹbẹ tó nípọn sínú ẹ̀ ní òró, kí gbòǹgbò míì tó bá ń bọ̀ lè yà síbòmíì. Ọ̀dán ò mọ̀ pé a ṣe nǹkankan.

Níbi tí a dé yìí, ìjọ̀ngbọ̀n kékeré kan ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá igbá ẹbọ nínú agbada, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọlé. Ifẹ̀ la wà, èmi náà ò ní bá wọn jà. Alága ránṣẹ́ sí màmá olórìṣà kan ládùúgbò, wọ́n wá, wọ́n wò ó, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n gbé e. Wọ́n ní omi lẹ ń pè padà, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín. A ṣe é lọ.

Páìpù onírin yẹn, a hú u jáde pátá, a fi ti PVC tó nípọn rọ́pò ẹ̀, a fi rọ́bà tó ń wú tó bá kan omi yí i ní ọrùn kí a tó da kọnkéré padà. Àwọn ibi tó là, ẹ má kàn fi sìmẹ́ńtì ra á lójú, á tún là ni. A fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ẹ kó fẹ̀ nínú ju ẹnu lọ, a fọ ekuru inú ẹ̀, a rin ín, a fi sìmẹ́ńtì tó ń tètè gan dí i, a wá kun gbogbo inú agbada ní wọ́tà-púrúùfù lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú omi. Ìlà méjèèjì dọ́gba láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alága ní ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta kí ó dá àwọn lójú, ó ṣì dọ́gba.

Tẹrásò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbà láti fọ̀ ọ́ gbé ásíìdì dé, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ táìsì tuntun. Kí n tó yíjú ó ti da díẹ̀ sí etí agbada, ó ń hó, ó ń ta èéfín, inú ẹ̀ dùn pé ìdọ̀tí ń kúrò. Mo ní dúró! Ìdọ̀tí kọ́ ló ń hó yẹn, mábù gan-an ni. Mábù àti sìmẹ́ńtì, ásíìdì máa ń jẹ méjèèjì, ibi tó bá ti kàn á, dídán ẹ̀ lọ nìyẹn, á máa gba ìdọ̀tí bí ojú kànìnkànìn. A da omi lé e, ibẹ̀ ò tóbi ju àwo lọ, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá wá ẹ ṣì máa rí i. Ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì oníke ló fọ èyí tó kù, ó pẹ́ ṣùgbọ́n àwọ̀ àtijọ́ yẹn jáde, pupa àti funfun, àwọn àgbà dúró wò ó. Ibi táwọn olè ti fọ́, a ra òkúta mábù wẹ́wẹ́ tó wá láti Ìgbẹ́tì, oníṣẹ́ tẹrásò àgbàlagbà kan pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì funfun àti àwọ̀, ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ lórí pákó títí tó fi bá èyí tó wà nílẹ̀ mu, kó tó wá rẹ́ ẹ sójú ẹ̀ tó fi lọ̀ ọ́, òkúta ìlọ̀ tó rí gbágungbàgun ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó kúnná ló fi parí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yẹn ò pọ̀ mọ́ n'Ífẹ̀, táìsì ti lé wọn wọlé.

Àpáàdì ni mo gbádùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ mi. Apá kan ti hú, a nílò òmíì. Ọkùnrin kan wá bá wa pé òun ní èyí tó ti pẹ́ gan-an, tí òun rí nígbà tí òun ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, pé òun máa tà á fún wa. A ní rárá o. Ohun àtijọ́ tó jáde látinú ilẹ̀ kì í ṣe ọjà, òfin ọdún 1979 tó dá àjọ mùsíọ́mù sílẹ̀ wà níbẹ̀, mùsíọ́mù sì wà l'Ẹ́nuwá, kó gbé e lọ síbẹ̀. Ìpetumodù la forí lé, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò látọjọ́ pípẹ́. Àwọn màmá tó ń mọ ìkòkò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí:

"Ẹ ti Ifẹ̀ wá ra ìkòkò tó fọ́? Ẹ ò rí èyí tó dáa ni?"

"Èyí tó fọ́ gan-an la fẹ́, Màmá."

"Háà! Ẹ máa kó o, ẹ máa kó o. Ṣé ẹ fẹ́ kí n bá yín fọ́ àwọn tó kù?"

Èyí tó ti fọ́ nínú iná pọ̀ lẹ́yìn ilé wọn, wọ́n kó o sínú àpò fún wa, owó tí wọ́n gbà ò tó nǹkan. Títò ẹ̀ ló nira. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣà wọ́n kí wọ́n nípọn bákan náà, kí ẹ fi òòlù kékeré gé orí wọn dọ́gba, kí ẹ tẹ́ iyanrìn àti yangí tí ẹ ti gún mọ́lẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kí ẹ wá máa dá a dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fún mọ́ra, ẹgbẹ́ kan ń gbé ẹgbẹ́ kejì dúró. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ èèyàn á fọ́ ọ, ṣùgbọ́n tó bá dúró lórí etí, mọ́tò gan-an ò ní rí i gbé ṣe. Àwọn ọmọ ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́, wọ́n ń bá wa ṣa òkúta funfun. Kọ́ńtírátọ̀ náà wá lọ́jọ́ kan, ó wò ó, ó ní ìntálọ́ọ̀kì ì bá ti parí tipẹ́. Òótọ́ ló sọ.

Pọ́ńpù wá ló kù, ibẹ̀ ò gba ariwo. Sùmó tó ń wọnú omi ni mo gbé sí i, kì í ṣe èyí tó ń jókòó síta, mo so fúlótì mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé tí omi bá lọ sílẹ̀ dé ibì kan á pa ara ẹ̀. Ohun kékeré yẹn ni ì bá gba àwọn méjì àkọ́kọ́ là. Sólà ló ń gbé e, kò ní bátìrì, oòrùn bá mú, omi á ga, òjò bá ṣú, omi á rẹlẹ̀, alẹ́ bá lẹ́ á sùn, àwọn ọmọ sì ti sọ ọ́ di eré, wọ́n ń wo kùrukùru kí wọ́n tó sọ bí omi ṣe máa ga tó. Àwọn kan fẹ́ kó ga tó ilé, mo ní kó má ju mítà méjì lọ, torí láti nọ́sù dé etí agbada, mítà méjì àbọ̀ ni, tí omi bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ojú títì ni gbogbo ẹ̀ máa bọ́ sí, á sì tún di pé a ń da omi.

Àwọn tó ń bẹ̀rù ẹ̀fọn náà wà, wọn ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n omi tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ̀fọn ń fẹ́, láti ẹyin títí tó fi ń fò máa ń tó bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lásìkò ooru, nítorí náà omi tó ń mì lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń gbọ́n dànù tí wọ́n ń fọ ibẹ̀ lóòrèkóòrè, kò lè bí ẹ̀fọn. Ewé ọ̀dán ló ń yọ wá lẹ́nu ju ẹ̀fọn lọ. Ó ń já bọ́ sínú omi, ó ń rà, ó ń bọ́ èéhù, omi á di àwọ̀ ewé láàárín ọ̀sẹ̀ kan téèyàn ò bá kó o. Àwọn màmá tó ń tajà lẹ́nu ọgbà ló ń fi àwọ̀n kó o láràárọ̀, ẹgbẹ́ ń fún wọn ní nǹkan lóṣù, kọ́kọ́rọ́ bọ́kìsì iná sì wà lọ́wọ́ ẹni méjì tí gbogbo àdúgbò mọ̀, wọ́n kọ orúkọ wọn sára ìlẹ̀kùn.

Nọ́sù tó wà lórí ẹ̀ báyìí, oníke ni, ó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò yẹ òpó yẹn. Ti àtijọ́ jẹ́ bàbà, íǹṣì kan àbọ̀, ẹnu ẹ̀ pín sí mẹ́fà. Alágbẹ̀dẹ bàbà kan ní tí a bá rí ọ̀kan tí òun á wò, òun máa dà á. Tí ẹnikẹ́ni bá ní irú ẹ̀ tó bàjẹ́ nínú stóò, ti ilé ìjọba àtijọ́ tàbí ti òtẹ́ẹ̀lì tó ti wó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ẹ fi tó wa létí, a máa rà á.